Tannáposó, fúláwà ẹ̀yìnkùlé tó mọ ọ̀rọ̀ genotype

    

Ọ̀rọ̀ fúláwà ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Fúláwà kẹ̀? Owó oúnjẹ ni à ń wá." Ẹ fara balẹ̀. Fúláwà yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọmọge ní ọjọ́ Valentine. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló ń gbé, ẹ̀gbẹ́ kànga ló ń hù, kò sì sí ẹni tó ń ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ kí a fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ń tú àwọn olólùfẹ́ ká, tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìyàwó àti ìyá ọkọ, tó sì ń mú kí òbí máa sunkún ní ọ́sípítù. Ọ̀rọ̀ genotype ni.

Tannáposó ni orúkọ fúláwà náà. Àwọn mìíràn ń pè é ní tannápowó. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, ẹ ó gbọ́ "tan iná" ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì bá a mu, nítorí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣí, nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní four o'clock, ìyẹn ni pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é ni Mirabilis jalapa.

Ẹ lọ sí Mọníyà ní Akínyẹlé, ẹ lọ sí Lálúpọn ní Lágelú, ẹ dé Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá, tàbí Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà. Ẹ yà kúrò lójú títì, ẹ wọ àárín àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́. Bí ẹ bá wo ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i níbẹ̀. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sì ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ní ọ̀sán, òdòdó rẹ̀ á ká jọ bí agbòjò tí wọ́n pa dé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á là bí fèrè kékeré, òórùn dídùn á máa jáde lára rẹ̀, àwọn labalábá òru á sì máa wá fa omi dídùn inú rẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, ó ti rọ. Òdòdó kan kì í lò ju alẹ́ kan lọ, ṣùgbọ́n òmíràn ti ń múra sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀.

Àwọ̀ rẹ̀ ló wá jẹ́ ìyanu. Pupa wà, funfun wà, aláwọ̀ ìyeyè wà, pínkì wà. Nígbà mìíràn ẹ ó rí èyí tó ní àbàlá, bí ẹni pé wọ́n ta ọ̀dà pupa sí aṣọ ìyeyè. Orí igi kan ṣoṣo náà ni ẹ ti lè rí òdòdó àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń hù.

Ó ní ìbátan tí ẹ mọ̀. Ètìpọ́nlá tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà, ìdílé kan náà ni òun àti tannáposó. Bougainvillea tó ń gun ògiri àwọn olówó ní Bódìjà, tó ń pọ́n wẹ̀ẹ̀, tó sì ní ẹ̀gún, ìdílé yẹn náà ló ti wá. Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí ẹni tó náwó ńlá ra bougainvillea nínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ bá mi sọ fún un pé mọ̀lẹ́bí fúláwà náà wà lẹ́yìn balùwẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan rèé kí n tó tẹ̀síwájú. Èso tannáposó dúdú, ó rí bí ata iyèré tó tóbi díẹ̀, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn láti máa fi ṣeré. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á rí ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, ìyẹ̀fun yẹn ni wọ́n fi sọ fúláwà náà lórúkọ, wọ́n ń pè é ní oshiroibana, ìyẹn òdòdó àtíkè. Ṣùgbọ́n èso yẹn àti gbòǹgbò rẹ̀ ní májèlé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi sẹ́nu.

Tannáposó kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìpìlẹ̀. Amẹ́ríkà ti àwọn ará Peru àti Mexico ló ti wá. Àwọn òyìnbó gbé e dé Yúróòpù láàrin ọdún 1500 sí 1600, wọ́n gbìn ín sínú ọgbà, wọ́n sì ń ṣa èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wù wọ́n. Bí àwọn olùtọ́jú ọgbà ṣe máa ń sọ fúláwà kan di púpọ̀ nìyẹn. Wọ́n á rí ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á tọ́jú irúgbìn rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á tún un gbìn, wọ́n á fà á tu bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ohun kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún primrose. Nínú igbó wọn, ìyeyè tó ṣá ni primrose. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ ọjà àwọn tó ń ta fúláwà ní London lónìí, ẹ ó rí i ní pupa, ní àwọ̀ aró, ní àwọ̀ àlùkò, ní ọlọ́rùn méjì. Charles Darwin pàápàá jókòó ti primrose, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1862, nítorí ó rí i pé irú méjì ni inú òdòdó náà, àti pé ìgbà tí irú kan bá gba lẹ́búlẹ́bú irú kejì ló máa ń so dáadáa. Ẹ rí i pé àwọn ènìyàn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo òdòdó kí wọ́n lè lóye bí ọmọ ṣe ń jọ òbí.

Mo wà ní abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ nípa gàrí ni mo lọ gba ohùn sílẹ̀ fún. Nígbà tí mo ń dúró de àwọn tó ń fún ẹ̀gẹ́, mo rí tannáposó rẹpẹtẹ lẹ́yìn ilé. Mo bá kí ìyá tó ni ilé náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbin fúláwà yìí?"

"Èmi náà ni, ọmọ mi. Èyí tó pupa yẹn, ilé ìyá mi ni mo ti mú un wá nígbà tí mo délé ọkọ. Funfun yẹn, ti aládùúgbò wa ni."

"Pínkì yìí ńkọ́, Màmá?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Èmi ò gbin ìyẹn o. Wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ lóru."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá sọ yẹn, iṣẹ́ tí ọ̀mọ̀wé kan ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Carl Correns ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1900, òun wà lára àwọn tó tún iṣẹ́ Gregor Mendel gbé jáde. Mendel ni àlùfáà tó fi ẹ̀wà pea ṣèwádìí nípa àjogúnbá, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866, tí kò sí ẹni tó kà á sí títí ó fi kú. Lára àwọn ewéko tí Correns fi dán ọ̀rọ̀ Mendel wò ni tannáposó wa yìí.

Ohun tí ó rí nìyí. Ó mú tannáposó pupa tí ìran rẹ̀ kì í so ju pupa lọ, ó mú funfun tí ìran rẹ̀ kì í so ju funfun lọ. Ó gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan sórí èkejì. Gbogbo ọmọ wọn jáde ní pínkì. Tí ó bá parí síbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé bí ìgbà tí èèyàn po ọ̀dà pupa mọ́ funfun ni, ó ti pò pọ̀, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ó tún mú pínkì, ó fi pínkì bá pínkì lò. Nínú àwọn ọmọ tí ìyẹn bí, bí a bá pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan jẹ́ pupa, ìdá méjì jẹ́ pínkì, ìdá kan jẹ́ funfun.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Bàbá pínkì, ìyá pínkì. Kò sí funfun lójúde. Níbo ni ọmọ funfun ti wá?

Ó wà nínú wọn láti ìgbà yìí. Kò pòórá. Pínkì kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan méjì dání, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí pupa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí funfun. Nígbà tó bá fẹ́ bímọ, ẹyọ kan péré ló máa ń fún ọmọ nínú méjèèjì. Bí bàbá bá fún ọmọ ní ti funfun, tí ìyá náà sì fún un ní ti funfun, ọmọ á funfun báláú, bí òbí méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ pínkì.

Ó dáa. Ẹ mú pupa kúrò, ẹ fi A sí i. Ẹ mú funfun kúrò, ẹ fi S sí i. Pínkì di AS. Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti há genotype sórí láti ilé ìwé girama: AA, AS, SS. Ṣùgbọ́n láti há nǹkan sórí yàtọ̀ sí kó yéni. Ní orílẹ̀-èdè wa, nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù ní gbogbo àgbáyé. Nítorí náà, tí ẹ bá jókòó mẹ́rin nínú mícrà láti Ìwó Road lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú yín gbé S kan dání, kára rẹ̀ sì le bí ti ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń gbọ́ ètò wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. N kò ní dárúkọ rẹ̀. AS ni òun, AS ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣègbéyàwó, àwọn ẹbí ní ìfẹ́ á borí ohun gbogbo. Àkọ́bí wọn jẹ́ SS. Àwọn àgbà wá ń tù wọ́n nínú báyìí pé: "Ṣebí dókítà ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni? Ọ̀kan yẹn ti dé. Ẹ lọ bí mẹ́ta tó kù, kò séwu mọ́." Ó wá bi mí pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Arábìnrin mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Àní, ìdáhùn tí mo fẹ́ fún ọ ló mú kí n ṣe ètò ti òní.

Ẹ wá ẹ̀wà mẹ́rin, kí méjì jẹ́ pupa, kí méjì jẹ́ funfun. Ẹ fi pupa kan àti funfun kan sí àpò ọ̀tún, ẹ fi pupa kan àti funfun kan sí àpò òsì. Àpò ọ̀tún ni bàbá, àpò òsì ni ìyá. Ẹ dijú, ẹ mú ẹyọ kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín, òun ni ọmọ àkọ́kọ́. Ká ní funfun méjì ló jáde, SS nìyẹn. Báyìí, ẹ dá ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan padà sínú àpò tí ẹ ti mú un. Ẹ dijú, ẹ tún mú fún ọmọ kejì.

Ṣé àpò yẹn rántí ohun tí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan? Kò rántí. Ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ fún ọmọ àkọ́kọ́ náà ló wà níbẹ̀ fún ọmọ kejì, àti ìkẹta, àti ìkẹwàá. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí AS àti AS bá lóyún. Tannáposó náà ń fi hàn wá: òdòdó kan, èso kan ṣoṣo ló ń mú jáde. Èso tí òdòdó àná so kò bá ti òní ṣe ìpàdé kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, ó dára kí a rí i ní ojú eégún. Bí AS àti AS bá fẹ́ bí ọmọ méjì, nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ SS. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó di nǹkan bí 58. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, nǹkan bí 68. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bí mẹ́rin kí SS má sí níbẹ̀, kí ẹlòmíràn sì bí méjì kí àwọn méjèèjì jẹ́ SS. Àwọn tó bí mẹ́rin tí ohunkóhun kò ṣe ni wọ́n máa ń jẹ́rìí ní gbangba. Àwọn tó bí méjì SS, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́sípítù ni wọ́n wà, wọn kò ráyè ẹ̀rí.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ ló máa ń dùn mí jù. Nígbà tí wàhálà bá dé, ta ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi? Ìyá ọmọ ni. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní ọmọ náà ni àbíkú. Orúkọ tí a fún àìsàn yìí, fòníkú-fọ̀ladìde, fi hàn pé àwọn baba wa rí i pẹ̀lú ojú ara wọn: ọmọ tó dùbúlẹ̀ lónìí bí ẹni tó ń kú lọ, tó tún dìde lọ́la. Wọ́n rí àìsàn náà, ọ̀nà tó gbà wọlé ni kò hàn sí wọn. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń wo ìyàwó bí ẹni tó gbé nǹkan burúkú wọlé.

Tannáposó tún ní ẹjọ́ kan láti rò níbí. Correns kan náà yìí, ní ọdún 1909, ó tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde nípa fúláwà kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe òdòdó ló ń wò, ewé ni. Ó ní irú tannáposó kan tí ewé rẹ̀ ní àbàlá: ẹ̀ka kan tutù, ẹ̀ka kan funfun, ẹ̀ka kan ní méjèèjì. Ó rí i pé tí èso bá ti ara ẹ̀ka tútù wá, ewé ọmọ á tutù. Tó bá ti ara ẹ̀ka funfun wá, ewé ọmọ á funfun, kò sì ní pẹ́ tí á fi kú, nítorí kò lè fi oòrùn wá oúnjẹ. Láti ibi yòówù kí lẹ́búlẹ́bú bàbá ti wá, kò yí nǹkan kan padà. Àwọ̀ ewé yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá.

Ṣé ẹ rí i? Lára ewéko kan ṣoṣo, ohun tí ìyá nìkan ń fúnni wà, ohun tí bàbá àti ìyá jọ ń fúnni náà wà. Genotype kì í ṣe ti ewé. Ti òdòdó ni. Kò sí ọmọ SS kankan tí ìyá nìkan lè dá bí. S kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, S kan ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ tó ń gbọ́ mi, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, tí ẹ bá fẹ́ na ìka sí ìyàwó, ẹ rántí pé ọmọ tiyín náà mú tirẹ̀ wá sílé. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló ti rí i. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. A jogún rẹ̀ ni.

Kí a sì má ṣi fúláwà yìí lò. Ibì kan wà tí òwe rẹ̀ kò bá ẹ̀jẹ̀ mu délẹ̀. Pínkì wà láàárín pupa àti funfun lójú, ṣùgbọ́n AS kì í ṣe ìdajì aláìsàn. Ẹni tó jẹ́ AS lè gbé ayé rẹ̀ bí ẹni tó jẹ́ AA. Ó tilẹ̀ ní àǹfààní kan. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ọmọdé tó bá gbé S kan dání ń rí ààbò lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ibà ti ń jà bíi tiwa. Ibà ti pa àwọn ọmọ ilẹ̀ wa láti ìrandíran, S kan sì yọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa. Nítorí náà, ẹ má fi AS yín ṣe ìtìjú.

Ẹ má sì gbàgbé AC. Láàárín àwa Yorùbá, C kì í ṣe àjèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń sọ pé, "Èmi kì í ṣe AS, AC ni mí, kò kàn mí." Ó kàn ẹ́ o. Tí AS bá fẹ́ AC, ọmọ lè jẹ́ SC. Ìrora SC sì jẹ́ ìrora, bí ó tilẹ̀ máa ń rọjú ju ti SS lọ nígbà púpọ̀.

Kí ni ká wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà ní kékeré, kó tó di pé aṣọ ẹbí ti wọ ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹ má gbára lé ìwé tí wọ́n fún yín ní kíláàsì JSS. Ẹ ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí èsì méjèèjì bára mu. Mo ti gbọ́ ti tọkọtaya tó ṣègbéyàwó pẹ̀lú AA lórí ìwé, tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn ló tú òótọ́ síta. Ìwádìí tó pé, tó ń ya A, S àti C sọ́tọ̀, wà ní àwọn ọ́sípítù ńlá bíi UCH níbí ní Ìbàdàn.

Èkejì, tí èsì bá ti jáde pé AS àti AS ni yín, n kò ní pàṣẹ fún yín. Àwọn kan á pín yà, kì í ṣe pé ìfẹ́ wọn kò tó. Àwọn kan á dúró, wọ́n á sì lọ bá dókítà kí oyún tó dé, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tó wà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ fi ojú yín tó là ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìṣirò èké fún yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS tó ń gbọ́ mi, ètò yìí kì í ṣe láti sọ pé kò yẹ kí wọ́n bí yín. Ká má rí i. Àwọn SS wà tó jẹ́ agbẹjọ́rò, olùkọ́, òbí, tó tún jẹ́ àgbàlagbà. Ọmọ tí a bá tètè mọ̀ pé SS ni, tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ń lo penicillin ní kékeré, tí kì í ṣaláìlo oògùn folic acid rẹ̀, tí a kì í fi ibà rẹ̀ ṣeré, tí dókítà sì fi hydroxyurea sí i nígbà tó bá yẹ, ayé rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá sí ti èyí tí a gbé sáré kiri ilé aláṣọtẹ́lẹ̀. Ìyá tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ọmọ tó ti wà nílẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró tì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán ọ̀rọ̀ òdòdó yìí wò, kò le. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún èso dúdú tannáposó pupa àti funfun lọ́wọ́ ìyá kan ní abúlé, ẹ gbìn ín sínú ike tó ti jo, kí omi máa kán nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tanná, ẹ lọ bá òdòdó kan ní ọ̀sán kó tó là, ẹ rọra ṣí i, ẹ fi síṣọ́ọ̀sì kékeré gé àwọn òwú tó gbé lẹ́búlẹ́bú kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú lẹ́búlẹ́bú láti ara òdòdó aláwọ̀ kejì, ẹ fi kàn án, kí ẹ sì so okùn mọ́ ọn kí ẹ lè dá èso rẹ̀ mọ̀. Àwọ̀ ìyeyè máa ń da ìṣirò rú, nítorí náà ẹ yà á sọ́tọ̀. Tí ẹ bá sì ń bọ̀ wá fi interlock sí gbogbo àgbàlá ilé bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ń fẹ́. Tí kò bá fèsì, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn: kí ni genotype rẹ? Ó dìgbà kan ná. Ire o.